Ojú Tó Ní Egungun

Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nípa ojú bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́, Bàbá Ojú-òun-Etí ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ohun kan ṣoṣo ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú: bí ojú àti etí ṣe rí nínú lọ́hùn-ún, níbi tí ojú lásán kò lè dé, àfi maikirosikóòpù. Ẹlòmíràn ń kọ́ wọn ní ẹ̀dọ̀, ẹlòmíràn ń kọ́ wọn ní kíndìnrín. Tirẹ̀ ni ojú, tirẹ̀ ni etí, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ bá a du méjèèjì.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá Ojú-òun-Etí kò ríran dáadáa mọ́.

Kì í ṣe pé ó fọ́jú o. Ó ń rí ilẹ̀kùn, ó ń rí àga, ó sì ń rí ìyàwó rẹ̀ bó bá ti kàwọ́ sí ìbàdí níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ohun gbogbo ti ń dà bí ohun tí èèyàn ń wò láti ẹ̀yìn fèrèsé ilé ìwẹ̀. Bó bá gbé ojú lé maikirosikóòpù, kìkì èéfín pupa àti elésè àlùkò ló ń rí. Ó mọ ohun tó ń ṣe é. Ta ni ì bá mọ̀ bí kò ṣe òun? Lẹ́ńsì inú ojú rẹ̀, tó yẹ kó mọ́ gaara bí omi inú ife, ló ń funfun díẹ̀díẹ̀ bí ẹyin tó wà lórí iná. Ó ti yà á sójú pátákó fún àwọn ọmọ, ó ti fi dán wọn wò. Ó sì mọ̀ pé iṣẹ́ abẹ kékeré ni wọ́n fi ń yọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà á.

Àwa tí a kò mọ nǹkan kan nípa ojú, bí dókítà bá ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún wa, a ó ní "Ẹ ṣeun, sà," a ó sì lọ dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ ti pọ̀ jù fún ọkùnrin yìí. Ó mọ̀ pé àpò tó gbé lẹ́ńsì dání fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, ibẹ̀ ni abẹ sì máa gbà wọlé. Ó mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tò sẹ́yìn dígí iwájú ojú, ìlà kan péré, tí ọ̀kan kì í kú kí òmíràn hù rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ohun tó lè bàjẹ́ níbẹ̀ ló mọ̀ lórúkọ. Nítorí náà ló ṣe ń sọ fún ara rẹ̀ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún náà á dé, á tún ní ó di èyí tó tẹ̀ lé e.

Báwo ló ṣe wá ń rí àwọn ọmọ kọ́? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ẹ ó rẹ́rìn-ín.

Àpótí igi kan wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kún fún súláìdì. Súláìdì ni dígí pẹlẹbẹ tó gùn tó ìka, tí wọ́n ń lẹ ẹran ara mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n sì ti pa á láró kó lè ṣeé rí. Bàbá ti lo àwọn súláìdì inú àpótí yìí débi pé ìka rẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ojú ni èyí tí igun rẹ̀ ti kán. Etí ni èyí tó sán lágbedeméjì, tí ẹnì kan fi ọ̀dà èékánná lẹ̀. Dígí iwájú ojú ni èyí tí bébà ara rẹ̀ ti ká sókè. Bó bá ti na ọwọ́ sínú àpótí tó fi àtàǹpàkò ra etí súláìdì, ó parí. Á gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, á ní, "Ìwọ tó wà níwájú, bá mi yí i títí á fi mọ́ kedere." Ọmọ á yí i. "Ṣé o ti rí i?" "Mo ti rí i, sà." Bàbá á wá dijú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé láti ìpele dé ìpele, láìṣì ẹyọ kan. Àwọn ọmọ rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló ń mú un dijú. Ìfẹ́ iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ o, n kò parọ́ mọ́ ọn.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ń lọ, títí olùkọ́ kan fi dé sí yàrá kejì, ọ̀dọ́kùnrin tára rẹ̀ yá mọ́ èèyàn, tó fẹ́ràn kí nǹkan máa dán. Ó wo àpótí igi yẹn, ó ní èyí ti gbó jù fún irú bàbá bẹ́ẹ̀. Ó bẹ àwọn aláṣẹ, wọ́n ra tuntun. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí àtijọ́ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó gbé tuntun sípò rẹ̀, ó sì ń retí kí Bàbá kí òun kú iṣẹ́. Bàbá kí i. Kí ni ì bá tún sọ?

Láàárọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́ ojú, àwọn ọmọ ti jókòó, yàrá ti kún, Bàbá na ọwọ́ sínú àpótí tuntun. Ọ̀kan kò kán nígun. Ọ̀kan kò sán. Bébà ara wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́tà orí rẹ̀ kò sì ju ẹsẹ̀ èèrà lọ. Bí ó ti ń ra èyí ló ń ra tọ̀hún, bákan náà ni gbogbo wọn rí lọ́wọ́. Ó ronú pé nínú àpótí àtijọ́, ojú ló máa ń ṣáájú. Ó mú àkọ́kọ́, ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, ó sì dijú.

Ẹni tó to àpótí tuntun yìí ti fi etí ṣáájú.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá sọ̀rọ̀ jù lọ. Bóyá ìpayà ló fà á, kò ṣẹ́nu kù rárá. Ó ní, "Ẹ wo awọ ẹ̀yìn ojú yìí, ẹ wo bí ìpele mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe tò léra wọn. Ìmọ́lẹ̀ á wọlé láti iwájú, á la gbogbo wọn já kó tó kan àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbà á. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n wà, wọ́n sì kọjú sí ògiri, bí onílé tó gbọ́ pé àlejò ń bọ̀ tó sì kẹ́yìn sí ilẹ̀kùn. Ẹ wá wò ó, ẹ máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wò ó, ó ní, "Ó dára gan-an, sà." Ẹnì kejì ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ẹnì kẹta ní òun rí ìpele mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tó ti rí wọn. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ta ni àwọn ọmọ yìí tí wọ́n á fi gba ojú ara wọn gbọ́ ju ẹnu Bàbá Ojú-òun-Etí lọ?

Ó wá kan ọmọbìnrin gíga kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Adájọ́, nítorí kì í gba ẹjọ́ gbọ́ láìjẹ́ pé ó gbọ́ tẹnu ìkejì. Adájọ́ wò ó. Ó sún sẹ́yìn, ó nu ojú rẹ̀, ó tún wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ojú kí ni èyí?"

"Kí ló dé?"

"Ó ní egungun, sà."

Bàbá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. "Ojú ẹyẹ máa ń ní egungun," ló wí. "Ṣé o kò mọ̀ ni?" Irọ́ kọ́ o. Òótọ́ ni pé egungun pẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ yí ojú ẹyẹ ká. Àgbà tó bọ́ sínú kòtò kì í ṣàìní igi kan tó máa dì mú.

Adájọ́ tún bẹ̀rẹ̀. "Ó lè jẹ́ ti ẹyẹ lóòótọ́, sà. Àmọ́ ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Mo sì rí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ìkarahun náà tí irun hù lórí wọn."

Ìgbà yìí ni igi náà dá. Kò sí ojú kankan láyé tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ìsàlẹ̀ etí lọ́hùn-ún nìkan ni irú rẹ̀ wà, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun ti ń gba ohùn tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Láti òwúrọ̀ ni Bàbá ti ń fi etí han àwọn ọmọ, tó ń pè é ní ojú.

Ká ní wọ́n rẹ́rìn-ín ni, òun náà ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn tẹrí ba, wọ́n ń ṣe bí ẹni ń kọ̀wé, ẹni tí kò ní bírò lọ́wọ́ pàápàá ń kọ ọ́. Wọ́n ń bo àṣírí rẹ̀. Àánú rẹ̀ ń ṣe wọ́n, ìyẹn ló sì dùn ún wọ eegun.

"Ẹ̀kọ́ tán lónìí," ló wí.

Nígbà tí àwọn yòókù ti jáde, Adájọ́ ṣì dúró. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò mọ̀ ni."

"O ò mọ kí ni?"

"Mi ò mọ̀ pé ẹ ò rí i."

Bàbá fi ọwọ́ kàn án léjìká. Ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Mo ní kí ẹ wò ó, ìwọ nìkan lo wò ó. Ṣé mo wá máa bínú sí ọ ni?"

Adájọ́ dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Sà, ta ló máa wá kọ́ wa báyìí?" Kò ní ibi lọ́kàn, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ti mọ irọ́ ọmọ ilé ìwé kí ọmọ náà tó pa á tán. Bó ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló ti mọ̀ pé nǹkan ṣe.

"Bàbá wọn, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo fi etí hàn wọ́n. Mo ní ojú ni."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́. Ó rín in títí ó fi wá àga jókòó. Bàbá kọ́kọ́ lejú, nígbà tó yá òun náà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì jọ rín in títí omi fi jáde lójú wọn. Bí ẹ̀rín ti ń lọ sílẹ̀ ni Bàbá rí i pé omi ojú òun kò dúró.

"Wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ mi, Ìyá wọn," ló wí. "Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe."

"Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Ta lẹ rò pé ó ń yọ egungun inú ẹja yín? Lọ́jọ́sí tí ẹ wọ pálọ̀, tí ẹ dọ̀bálẹ̀, tí ẹ ní 'Ẹ káàárọ̀, mà,' ta lẹ kí?"

"Ìyá rẹ."

"Aṣọ òtútù mi ló wà lórí àga."

"Kò dá mi lóhùn lóòótọ́," ni Bàbá wí.

"A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹ̀rù ló ń bà yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ojú yín ni. Ṣùgbọ́n mo ti bá yín gba àyè lọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ojú. Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun."

"Ta nìyẹn?"

"Ó ní kí n sọ fún yín pé Ta-Ló-Kọ́lé ni."

Bàbá fò sókè. "Áà! Ta-Ló-Kọ́lé kẹ̀!"

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọ̀gbẹ́ni yìí. Nígbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́, ó dúró níwájú Bàbá àti àwọn olùkọ́ méjì fún ìdánwò ẹnu. Wọ́n bi í nípa awọ ẹ̀yìn ojú, ó ní iwájú ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wà. Bàbá ní rárá o, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, wọ́n kọjú sí ògiri. Ọmọ náà ronú, ó ní, "Sà, ta ló kọ́lé yìí? Èmi ò lè gbé irú birikilà bẹ́ẹ̀ níṣẹ́." Àwọn olùkọ́ méjì yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fún un ní òdo tó dúró dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ ọn lára.

"Ẹni tí mo gbé ṣubú lórí ọ̀rọ̀ ojú ló fẹ́ gbé abẹ lé tèmi!"

"Ó padà wá, ó yege."

"Lẹ́ẹ̀kejì!"

"Ẹni tó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ló mọ̀ ọ́n jù," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó sì lọ gbé omi kaná. Ọ̀rọ̀ tán.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n tẹ́ Bàbá sórí ibùsùn tóóró kan nínú yàrá tó tutù. Wọ́n kán oògùn sójú rẹ̀ ọ̀tún kó má bàa mọ ìrora, wọ́n fi aṣọ bo gbogbo ojú rẹ̀, àfi ihò kan tí wọ́n dá sí i fún ẹyin ojú náà. Wọn kò mú un sùn. Ó ń gbọ́ ohun gbogbo, kìkì ìmọ́lẹ̀ ńlá kan ló sì ń rí. Ó gbọ́ ohùn Ta-Ló-Kọ́lé lókè orí rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ fara balẹ̀, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Ẹni tẹ́rù bá ń bà máa ń wá ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tí Bàbá sì mọ̀ ọ́n ṣe ni kó bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀.

"Kí lò ń gé báyìí?"

"Etí dígí iwájú ojú, sà."

"Ìpele mélòó ló ní?"

"Márùn-ún, sà."

"Kà wọ́n."

Nọ́ọ̀sì kan fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ta-Ló-Kọ́lé kà wọ́n láti òde dé inú, láìyára, láìlọ́ra, bí ẹni ń ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá bi í ní òmíràn, ó dáhùn. Ó tún bi í, ó dáhùn, ó wá fi kún un pé, "Ẹ má bínú, sà, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, àgbọ̀n yín ń mi orí yín, orí yín sì ń mi ojú tí mò ń gé."

Bàbá pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rọ kan ń kùn. Nígbà tó yá kò lè fara dà á mọ́, ó bi í pẹ̀lú ohùn kékeré, "Ibo lo dé?"

"Àpò lẹ́ńsì, sà."

Èyí tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bàbá mọ ìbéèrè tó ju ogún lọ lórí àpò yẹn, ó sì ti fi wọ́n pa ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́kún. Ọ̀kan kò wá sí i lẹ́nu.

"Ẹ ò bi mí ní nǹkan kan níbí, sà?"

"Rárá," ni Bàbá wí. "Ṣe iṣẹ́ rẹ, ọmọ mi."

Ní ọjọ́ kejì wọ́n ṣí òwú kúrò lójú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni aṣọ nọ́ọ̀sì, búlúù ni. Àṣé búlúù ṣì wà láyé! Ó wo ògiri, ó rí ibi tí ọ̀dà ti ń bó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ti di ọwọ́ arúgbó nígbà tí òun kò wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé èyí kò bà á nínú jẹ́. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ tó ń kọ́ akọ̀wé kan bí wọ́n ṣe ń to àga.

Ta-Ló-Kọ́lé wọlé, ó jókòó síwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n fi ń yẹ inú ojú wò wà láàárín wọn. Bàbá gbé àgbọ̀n lé e ní ìhà tirẹ̀, oníṣẹ́ abẹ gbójú lé e ní ìhà tirẹ̀, iwájú orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn.

"Ó dára gan-an, sà. Ó mọ́ gaara. Ẹ wo etí mi ọ̀tún."

Bàbá kò mira.

"Etí mi ni mo ní kí ẹ wò, sà."

"Ojú rẹ ni mò ń wò. Gbé orí sókè, yọ awò yẹn."

Ohùn yẹn kì í ṣe ohùn tí èèyàn ń bá jiyàn. Ta-Ló-Kọ́lé gbé orí sókè, ó yọ awò ojú rẹ̀. Ewú díẹ̀ ti wà lẹ́bàá etí rẹ̀. Bàbá fà á súnmọ́ fèrèsé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nínú ojú méjèèjì, òrùka funfun tóóró kan yí dúdú ẹyin ojú rẹ̀ ká.

"O ti tó ẹni ọdún mélòó?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ogójì ni, sà."

"Ìgbà wo lo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò gbẹ̀yìn?"

Oníṣẹ́ abẹ rẹ́rìn-ín. "Sà, iṣẹ́ yìí náà kò jẹ́ kí…"

"Ọ̀rá ló ń dì sí ìpele kẹta, ní etí dígí iwájú ojú rẹ. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, mo ti darúgbó, mi ò ní kà á sí. Ìwọ kò tíì tó ẹni tó ń ní irú rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ń dì sójú, kí ló ń ṣe nínú ọkàn? Kí ló pa bàbá rẹ?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọkàn ni, sà. Ó dákú síbi iṣẹ́."

Ó dìde, ó lọ síwájú dígí tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́, ó fi ìka fẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti dà bíi ti ọmọ ilé ìwé.

"Ojú èèyàn ni mò ń wò láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, sà. Kò tíì sẹ́ni tó wo tèmi."

Bàbá dìde lórí àga, ó tún agbádá ilé ìwòsàn tí wọ́n wọ̀ fún un ṣe, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Ibo ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ níbí?"

"Ìsàlẹ̀ ni, sà. Àmọ́ àwọn aláìsàn ṣì ń dúró dè mí, n ó lọ tó bá di…"

"Kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀," ni Bàbá wí. "Ìsinsìnyí ni. Máa bọ̀, mo rí ọ̀nà."

Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó mú un gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì jọ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.